Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Tọ́jú Dè Mí

Ní Hengchun, ìlú wa, ìyá ló ń sun ẹkún ìyàwó, kì í ṣe ìyàwó fúnra rẹ̀. Bí ọ̀la bá jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ máa lọ sílé ọkọ, ẹbí á jókòó sí pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan á ta gìtá olókùn méjì, ìyá á sì kọ ọ̀rọ̀ tó ti ń kó jọ sínú láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ náà. Ohùn orin jẹ́ ti gbogbo Hengchun. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìyá kò tún ní kọ ọ́ mọ́.

Ìyá màmá mi ti kú kí màmá mi tó lọ sílé ọkọ, nítorí náà kò sí ẹni tó kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n máa ń sọ pé, "Mo jáde nílé bí ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀." Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo lè lọ́kọ, mo lè má lọ́kọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa jáde, orin ló máa sìn mí.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo pàdé Bo-han. Àbúrò màmá mi, Àǹtí Giok-hun, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè gúúsù, wọ́n ń ta ẹ̀wà oníṣúgà níbẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, àwọn bàbá àgbàlagbà á kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà láti kọrin, èmi á sì máa ta gìtá tí bàbá mi fi sílẹ̀ lé orin wọn. Bo-han wọlé pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Taipei, olú ìlú, ló ti wá. Akéwì ni: ó ń dúró sórí ìtàgé, ó ń fẹnu sọ ewì, àwọn olórin á sì máa ṣe tiwọn lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ń wá ohùn tí kò tíì sú ènìyàn.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Tsiok, ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà, kọ orin gígùn kan nípa bí ìyàwó wọn ṣe ń hanrun. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, Bo-han dìde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń ka ìròyìn, ṣùgbọ́n ohun gbogbo pé síbẹ̀.

Bàbá Tsiok bojú wò ó. "Ọmọ yìí, ṣé etí mi lo yá lò ni?"

"Bí mo bá ti gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kì í jáde mọ́, Bàbá."

"Yéè!" ni Àǹtí Giok-hun kígbe láti ìdí ìkòkò. "Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ àṣírí níwájú eléyìí o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn.

Ó bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun ta gìtá. Mo gbà. A ṣeré ní Kaohsiung, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di tíátà. A ṣeré ní Tainan. Kì í kọrin. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ ni, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀, níbi tó bá sì ti mí, ibẹ̀ ni èmi á fi ohùn gìtá sí. Àwọn akéwì tí mo ti rí tẹ́lẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu wọn á fi gbẹ. Bo-han máa ń fi àyè sílẹ̀ fún mi. Obìnrin tó ti ń ta gìtá fún àwọn bàbá arúgbó láti ọmọdé mọ iyì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan kọjá báyìí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba etí òkun bọ̀ wálé ló ti béèrè.

"Pei-shan, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Lọ bá màmá mi."

"Ẹ̀rù wọn ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́ wí?"

Mo wo ojú fèrèsé. Mo ní, "Bí màmá mi bá gbà láti kọrin, èmi ti gbà." Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti ṣàlàyé ìrọ̀lẹ́ yẹn fún un, àti ìdí tí màmá mi fi máa ń dárúkọ iyọ̀.

Àǹtí Giok-hun ló ṣe alárinà. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń gbọ́ wọn.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" ni Màmá béèrè.

"Akéwì ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo gbọ́. Mo ní kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń wá gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ ta ló ń sọ fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kó mú ẹlẹ́rìí wá ni? Ọmọ yín ti lé lọ́gbọ̀n o. Àwọn tó ń wá a kiri lọ́jọ́sí ti ń mú ọmọ tiwọn lọ síléèwé."

"Kò sí ẹni tó ní kó máa dúró dè mí."

"Ẹ̀yin náà ló ń dúró dè, orin yín ló ń dúró dè! Ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

 Màmá ní, "Kó wá bá mi fa àlùbọ́sà lóko."

Ó wá. Atẹ́gùn ìgbà òtútù wa kò mọ àlejò. Ó taari Bo-han ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé àárín ebè. Bàtà funfun ló wọ̀.

"Ṣé bàtà ìgbéyàwó lo wọ̀ wá sóko?" ni Màmá bi í.

"Mo rò pé ẹ ti gbà ni, Màmá."

Mo rí i tí Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí ẹ̀rín wọn. Ní ọjọ́ kejì ó wọ bàtà rọ́bà. Ó ń bọ̀ títí tí ìkórè fi parí, ọwọ́ rẹ̀ bó, kò sì ráhùn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọjọ́ náà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àpò tán lóko, Bo-han sì sáré wá sílé láti wá ohun tí yóò fi kó àlùbọ́sà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ni apẹ̀rẹ̀ oparun kan wà, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó gbé e. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ti àlùbọ́sà."

"Ti kí ni, Màmá?"

"Ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn."

Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ti ń fún èmi náà láti kékeré.

Ní ọjọ́ tí ìkórè parí, Màmá rán mi lọ gba ẹ̀wà lọ́dọ̀ Àǹtí Giok-hun. Nígbà tí mo padà dé, Bo-han jókòó lórí àpò àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àlùbọ́sà ni," ló sọ.

Màmá ń fọ ọwọ́ wọn. Mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀. A ti rìn jìnnà kó tó lanu.

"Wọ́n kọ ọ́ sí mi létí, Pei-shan. Orin rẹ. Gbogbo rẹ̀."

Mo dúró. "Fún ọ?"

"Wọ́n ní ó yẹ kí ẹni tó máa mú ọ lọ mọ ohun tó ń mú lọ. Wọ́n ní etí mi nìkan ló wà fún, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

"Má sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ."

Mo sunkún ayọ̀ padà sílé. Màmá kò sọ pé àwọn gbà, wọn kò sọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá ti kọ orin yẹn sétí ọkùnrin ti fi ọmọ rẹ̀ fún un. Àǹtí Giok-hun gbé òrùka wá láti Taipei. Wọ́n pín kéèkì ìfẹ́sọ́nà yí gbogbo ẹbí ká, wọ́n sì mú ọjọ́, ìparí ọdún, lẹ́yìn tí a bá ti gbin àlùbọ́sà tuntun tán.

Kí ọjọ́ yẹn tó pé, wọ́n pe Bo-han sí tíátà ńlá kan ní Taipei. Kò tíì dúró sórí ìtàgé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rù. Kì í jẹun dáadáa. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ewì, ó ń pa á tì. Lójijì, nígbà tó kù díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

"Mo ti rí èyí tí màá fi parí," ló sọ. "A kò ní gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ta ohùn tí wọ́n fi ń sin ìyàwó, jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ kó dé bá ọ lójijì."

"Ohùn yẹn? Lórí ìtàgé?"

"Ìwọ lo sọ fún mi pé ohùn náà jẹ́ ti gbogbo ìlú."

Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ara mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi níwájú ayé ni. Mo tiẹ̀ ra aṣọ tuntun.

Gbogbo ìjókòó kún. Nígbà tó kan ti ìparí, mo bẹ̀rẹ̀ sí ta ohùn náà. Bo-han sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ pé:

"Ọmọ mi, apẹ̀rẹ̀ ni mo fi gbé ọ jáde nígbà àkọ́kọ́.
Ìyá ọkọ mi ti bá àwọn kan sọ pé kí wọ́n gbà ọ́ tọ́.
Wọ́n ní kí n gbé obìnrin lọ, kí n padà wá bí ọkùnrin."

Mo ń ta gìtá lọ. Mo rò pé ìtàn ẹlòmíràn ni.

"Mo dé orí afárá, atẹ́gùn ń fẹ́.
O na ọwọ́ láti inú apẹ̀rẹ̀, o di ìka mi mú.
O kò mọ ibi tí mò ń gbé ọ lọ.
Mo yí padà.
Mo gbé apẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
n kò sì fi í kó nǹkan kan mọ́ láéláé."

Ọwọ́ mi dúró. N kò pinnu rẹ̀. Okùn gìtá dákẹ́, ilé náà sì dákẹ́. Bo-han kò wo ẹ̀yìn. Ó mí, ó dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró dè mí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó parí rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn:

"Lónìí, ọmọ mi, mo tún ń gbé ọ jáde.
Afárá yẹn náà ni. Atẹ́gùn yẹn náà ni.
Jọ̀wọ́ ìka mi sílẹ̀.
Lónìí, n kò ní yí padà."

Gbogbo ènìyàn dìde. Àwọn obìnrin tí n kò mọ̀ rí ń nu ojú. Èyí tí màmá mi ti ń kó jọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tó yẹ kí n gbọ́ nínú pálọ̀ wa, lẹ́nu wọn, lórí ìjókòó ìyàwó, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó kọjú sí èrò.

Ó bá mi lẹ́yìn ìtàgé, ó ń gbọ̀n fún ìdùnnú.

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn! Níbi afárá gan-an! Báwo lo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ? Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é lọ!"

"Bo-han, ọ̀rọ̀ ta lo sọ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "O ti mọ̀ ọ́n."

"O ní etí rẹ nìkan."

"Mi ò dárúkọ wọn. Mi ò dárúkọ rẹ. Pei-shan, rò ó wò. Ènìyàn bíi ogún nínú pálọ̀ kan, tí ìdajì wọn ń retí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ó parí, ó kú. Ṣé o rí bí àwọn yìí ṣe sunkún?"

"Ṣé àwọn ni màmá mi bí?"

"Mo ṣe é nítorí pé mi ò tíì gbọ́ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbìyànjú láti kọ tèmi. Mi ò rí i kọ. Èyí kò jáde lórí mi."

"Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"O sì gbọ́ ọ. O wà níbẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Mo gbé gìtá mi, mo sì lọ wọ rélùwéè.

Àǹtí Giok-hun rí mi lókèèrè, wọ́n jáde láti ṣọ́ọ̀bù wá pàdé mi lójú títì. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹnìkan ti gbé e sórí fóònù," ni wọ́n sọ. "Èmi ni mo pe màmá rẹ. Pei-shan, èmi ni! Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ọmọ yín ní Taipei, ẹ wá wo aṣọ tó wọ̀!' Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́."

"Wọ́n wò ó tán?"

"Wọ́n wò ó tán. Wọ́n ní kí n dá a padà sí ibi tí ọwọ́ rẹ ti dúró. Mo dá a padà. Wọ́n wo ọwọ́ rẹ, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wá sọ pé, 'Ọmọ mi kò mọ̀ sí i.' Wọ́n dìde, wọ́n lọ."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Èrò Taipei pe ọwọ́ tó dúró yẹn ní iṣẹ́ ọnà. Màmá nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Nílé, Màmá ń ṣa irúgbìn àlùbọ́sà. Wọn kò mẹ́nu kan tíátà. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní rárá. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bo-han wá. Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Giok-hun ló mú un wọlé, nítorí alárinà ni wọ́n, ẹrù wọn sì ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Màmá ní kó jókòó. Wọ́n fún un ní tíì.

"Ọ̀rọ̀ ta lo wá sọ lónìí?"

"Tèmi ni, Màmá."

"Sọ ọ́."

Ó kúnlẹ̀. Ó sọ pé ìtìjú ń pa òun, pé òun kò sùn, pé ìfẹ́ mi ló gbé òun wá. Ó sọ ọ́ dáadáa. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, mo ṣàkíyèsí pé ó ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ó ń mí níbi tó yẹ. Ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. N kò ní purọ́: bí ó bá ti dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ǹ bá ti na ọwọ́ sí i. Kò dákẹ́. Ó gbé ojú sókè, omijé wà níbẹ̀, ó sì ní:

"Màmá, mo ti dé orí afárá. Ẹ jẹ́ kí n yí padà."

Àǹtí Giok-hun fi ọwọ́ bo ẹnu. Bo-han ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ohun tó ṣe.

Màmá gbé ife tíì sílẹ̀. "Afárá mi náà nìyẹn," ni wọ́n sọ.

 Mo bọ́ òrùka, mo gbé e lé Àǹtí Giok-hun lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ wọn ló gbà wá. Bo-han fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn bó ti ń lọ. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta àgbàlá, lẹ́yìn náà atẹ́gùn nìkan là ń gbọ́.

Àǹtí tẹ̀ lé e jáde. Ó ku èmi àti Màmá.

"Bí o bá fẹ́ ẹ síbẹ̀, máa tẹ̀lé e," ni wọ́n sọ. "Mi ò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jáde ni wàá ṣe jáde."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ṣé o ń lọ?"

"Rárá."

Wọ́n padà sídìí irúgbìn wọn. Mo jókòó tì wọ́n, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣa á.

"Bí ẹlòmíràn bá wá lọ́jọ́ kan," ni mo sọ, "ṣé ọ̀rọ̀ míì wà?"

"Láti ọjọ́ tí mo bí ọ ni mo ti ń kó ìyẹn jọ."

"Ṣé òmíràn kò sí?"

"Irúgbìn ló wà. Wọn kò ní dúró dè wá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àpò kò tó. Màmá lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ oparun náà, wọ́n gbọn ekuru rẹ̀ dànù, wọ́n sì da irúgbìn sínú rẹ̀ títí tó fi kún.

"Màmá, apẹ̀rẹ̀ yẹn..."

"Apẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n báyìí. Dì í mú."

Ìdìmú kan ṣoṣo ni apẹ̀rẹ̀ náà ní, ó sì kúrú, nítorí náà orí ìka wọn ni ìka mi bọ́ sí. Oko wa wà ní òdì kejì afárá yẹn. A gbé e kọjá.